Iná Àyálò: Ìtàn Ìmọ́lẹ̀ Mànàmáná ní Ilẹ̀ Wa àti Ọ̀rọ̀ Ọ́fíìsì Tí Kì Í Sùn

Nínú ìtàn ìtẹ̀dó Kétu tí àwọn àgbà ń pa fún wa, ọ̀rọ̀ iná wà níbẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Ọba Ẹ̀dẹ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Aro, tí Alálùmọ̀n ọdẹ ṣáájú wọn la igbó já títí wọ́n fi dé orí ilẹ̀ òkè yìí, wọn kò bá ibẹ̀ lófìfo. Ìyá àgbà kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti gba iná. Ìlú tí ó wá di ìlú olódi, tí ó ní yàrà yíká, tí òkìkí ẹnubodè rẹ̀, Akaba Ìdẹ́nà, kàn káàkiri, iná àyálò ni ó kọ́kọ́ fi dáná.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé iná mànàmáná tí à ń lò lónìí ní Kútọnù, ní Àjàṣẹ́, ní Pọ̀bẹ́ àti ní Kétu jọ iná ìyá àgbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni a ti ń gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gba àárín Kútọnù kọjá ní aago méjì òru yóò rí àwọn ilé iṣẹ́ alájà púpọ̀ tí iná ń tàn nínú wọn gbòò, tí kò sì sí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: iná yẹn, níbo ni ó ti wá, ta ni ó sì ń gbé ẹrù rẹ̀?

Nígbà tí epo ń fi ara rẹ̀ hàn

Kí iná mànàmáná tó dé, fìtílà ni àwọn baba wa ń lò. Àwo amọ̀ kékeré ni, tí a rọ epo pupa tàbí àdí sí, tí a sì ti òwú bọ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń ṣe àdí mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni: a óò pa ekùrọ́, a óò dín in, a óò sè é, kí epo dúdú náà tó jáde. Ìyá tí ó ṣe iṣẹ́ yìí kò ní jẹ́ kí fìtílà máa jó nínú yàrá tí kò sí ènìyàn. Ojú rẹ̀ ni epo ń fà lọ sílẹ̀ nínú àwo. Nígbà tí àtùpà kẹrosíìnì dé lẹ́yìn náà, bákan náà ni ó rí. Gíláàsì rẹ̀ ń fi epo hàn, owó epo sì ń ti àpò ẹni tí ó ń lò ó jáde.

Ilé àwọn baba wa pàápàá ti ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Yàrá ṣókùnkùn nítorí pé oorun ni a ń sùn nínú rẹ̀. Iṣẹ́, ìpàdé àti ìdájọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá tàbí abẹ́ igi ni a ti ń ṣe wọ́n, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní alẹ́, tí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọ a jókòó síta gbọ́ àlọ́, fìtílà a sì sinmi. Tí a bá fẹ́ sùn, a ó pa á. Òwe wa sọ pé ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìbẹ̀rù ìjàm̀bá wà nínú òwe náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: iná ní olùtọ́jú, ẹni tí ó tàn án ni ó yẹ kí ó mọ ìgbà tí yóò kú.

Iná dé etí omi

Ìlú Kétu wó lọ́wọ́ ogun Dàhòmì ní 1886. Àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ rẹ̀ padà wá tún un kọ́ ní àwọn ọdún 1890, lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì. Ní àkókò náà, ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889 ti pín ilẹ̀ àwọn Kétu sí méjì, apá kan di ti Faransé, èkejì di ti Gẹ̀ẹ́sì.

Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, àwọn ìlú etí omi ni iná mànàmáná kọ́kọ́ dé, ìyẹn Kútọnù tí ó ní èbúté àti Àjàṣẹ́ tí ó jẹ́ olú-ìlú. Ilé iṣẹ́ ìjọba, ilé ìṣòwò àti ilé àwọn òyìnbó ni ó kọ́kọ́ tàn sí. Fún ọmọ ilẹ̀ òkè tí ó bá lọ sí etí òkun lọ san owó orí tàbí wá iṣẹ́, ọ́fíìsì àti iná di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Ibi tí iná bá ti tàn ni àṣẹ wà. Mo rò pé èrò yìí kò tíì kúrò lára wa tán. Títí di òní, àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n ka ilé iṣẹ́ tí ó ṣókùnkùn lóru sí ilé iṣẹ́ tí kò níyì.

Ẹ̀rọ tí ń jẹ epo dísẹ́ẹ̀lì ni ó ń mú iná náà wá nígbà yẹn, ó wọ́n, kò sì pọ̀. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, Dàhòmì àti Tógò rí i pé àwọn kò lè dá ọ̀rọ̀ náà gbé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1968, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan, wọ́n sì dá Communauté Électrique du Bénin, ìyẹn CEB, sílẹ̀, wọ́n fi ibùjókòó rẹ̀ sí Lomé. CEB ni yóò máa wá iná fún àwọn méjèèjì. Ilé iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí SBEE ni yóò máa pín in dé ilé àwọn ará ìlú lọ́dọ̀ tiwa.

Omi Volta nínú gílóòbù wa

Ní Gánà, wọ́n ti sé odò Volta ní Akosombo. Ọdún 1961 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, Ààrẹ Kwame Nkrumah sì ṣí ìsédò náà ní oṣù Kínní ọdún 1966. Adágún tí ó ti ibẹ̀ jáde fẹ̀ tó kìlómítà 8,500 níbùú lóròó, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adágún àfọwọ́dá tí ó tóbi jù lọ ní ayé. Nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni ó ní láti fi ilé àti oko wọn sílẹ̀ kí omi náà tó lè ráyè. Ẹ jẹ́ kí a rántí wọn, nítorí pé iná wa wà nínú ohun tí wọ́n fi ilé bàbá wọn san.

Ní 1972, wáyà ńlá tí ó ti Akosombo wá gba Lomé dé Kútọnù. Láti ìgbà náà, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àjàṣẹ́ bá tẹ bọ́tìnnì, omi tí ń ṣubú ní Gánà ni ó ń tan iná fún un. Ó rọrùn, kò sì wọ́n bí iná ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí: epo kò sí lójú mọ́. Fìtílà ń fi epo tí ó kù hàn wá. Gílóòbù kì í fi omi tí ó kù nínú adágún hàn ẹnikẹ́ni.

Ọdún ọ̀dá

Òjò ni ó wá fi í hàn. Ní 1983 àti 1984, ọ̀dá mú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Adágún Volta lọ sílẹ̀ gidigidi. Ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ alumíníọ̀mù ní Tema, tí ó tìtorí iná Akosombo wà níbẹ̀, dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Gánà sì dín iná tí ó ń tà fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kù. Ta ni yóò bá a wí? Ẹni tí iná ilé rẹ̀ ń kú lọ kò lè máa fọ́n iná fún aládùúgbò.

Ọdún méjèèjì náà kọ́ àwọn ìjọba wa lẹ́kọ̀ọ́. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ parapọ̀ kọ́ ìsédò Nangbéto sórí odò Mono, èyí tí a ṣí ní 1987. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65. Iṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n kò tó. Nígbà tí òjò tún fà sẹ́yìn ní 1998, Gánà tún dín iná kù, Kútọnù àti Lomé sì wọ inú òkùnkùn. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2006 àti 2007. Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ nínú àwa òǹkàwé yóò rántí ohun tí à ń pè ní délestage: wọ́n á pín ìlú sí apá-apá, wọ́n á mú iná lọ ní apá kan, wọ́n á gbé e fún òmíràn. Ẹja bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á. Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ amúnáwá sì gba gbogbo ìgboro.

Wáyà tí ó gba Ṣakẹ́tẹ́

Ní 2007 náà ni wáyà tuntun kan wọlé láti ìhà ìlà-oòrùn. Ó gbéra láti apá Ìkẹjà ní Nàìjíríà, ó sì wá sọ̀ ní Ṣakẹ́tẹ́, ní ẹkùn Plateau tiwa gan-an. Àwa tí ààlà 1889 yà kúrò lára àwọn ará wa lè rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí èyí: iná tún gba ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń gbé ẹrù ọjà gbà látijọ́ wá bá wa. Ṣùgbọ́n àyálò ni títí di ìsinsìnyí. Tí iná bá mẹ́hẹ ní Nàìjíríà, Ṣakẹ́tẹ́ yóò mọ̀.

Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè wa ti ń gbìyànjú láti ní iná tirẹ̀. Ilé ẹ̀rọ Maria-Gléta, tí ó wà nítòsí Kútọnù, gba agbára mẹ́gáwáàtì 127 ní 2019. Ní oṣù Keje ọdún 2022, a ṣí ibùdó iná oòrùn Illoulofin ní agbègbè Pọ̀bẹ́, agbára tirẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25. Ilẹ̀ òkè wa, tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń wo iná etí òkun lókèèrè, wá di ibi tí iná ti ń jáde lọ. Ohun àmúyangàn ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ abúlé ni ó ṣì wà ní agbègbè Ìdígny àti Adakplamè, àti ní ẹkùn wa lápapọ̀, tí ó jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣì ni ọmọ ibẹ̀ fi ń kàwé lálẹ́.

Ọ́fíìsì tí kì í sùn

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí ilé iṣẹ́ alájà tí a rí ní aago méjì òru. Kí a ṣírò rẹ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń ṣírò. Ká ní ilé náà ní yàrá 20, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní iná gbọọrọ 4, irú èyí tí à ń pè ní nẹ́óònù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ wáàtì 36. Iná 80 ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ wáàtì 2,880 pa pọ̀. Tí wọ́n bá tàn láti aago méje alẹ́ di aago méje òwúrọ̀, wákàtí 12, ohun tí wọ́n jẹ lóru ọjọ́ kan jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 34 àti ààbọ̀. Lóṣù kan, ó lé ní 1,000.

Kí ni ìyẹn tó? Ẹ wo ilé kan ní abúlé tí ó ní gílóòbù LED 5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 9, tí wọ́n sì ń tàn fún wákàtí 5 lálẹ́. Iná tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo náà fi ṣòfò lóru kan tó láti tan ìmọ́lẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 150. Abúlé kan gbáko ni.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Kì í ṣe ìwà ibi ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ó ń tan iná gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí àjà kan, ẹni tí ó bá kẹ́yìn kúrò kò sì mọ ibi tí ó wà. Ẹ̀ṣọ́ ń fi iná sílẹ̀ nítorí olè. Akọ̀wé ń fa aṣọ bo fèrèsé lọ́sàn-án nítorí oòrùn àti ẹ̀rọ amúlétutù, lẹ́yìn náà ó tan iná ní ọ̀sán gangan nítorí pé yàrá ti ṣókùnkùn. Iná náà ń mú ooru jáde, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́ láti lé ooru náà jáde, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì fún ohun kan. Lékè gbogbo rẹ̀, ìwé owó iná kì í dé ọwọ́ ẹni tí ó fi iná sílẹ̀. Àwọn ènìyàn wa máa ń sọ pé iṣẹ́ ọba kì í ṣe iṣẹ́ baba ẹnikẹ́ni. Ìgbà amúnisìn ni ọ̀rọ̀ yẹn bá mu, nígbà tí ọba náà jẹ́ àjèjì. Lónìí, owó orí wa ni a fi ń san án.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ amúlétutù ń jẹ iná ju gílóòbù lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó gbàgbé láti pa iná náà ni ó ń gbàgbé láti pa ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìmọ́lẹ̀ lóru ń ṣe ènìyàn láǹfààní, pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní iná nílé a máa kàwé lábẹ́ iná ojú pópó. Èyí náà jẹ́ òótọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìfiná-pamọ́ ṣe àwáwí láti pa iná ojú pópó. Ìyàtọ̀ ni pé iná ojú pópó ní ẹni tí ó ń lò ó. Iná inú yàrá tí a ti tì pa kò ní.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe

Gánà tí ó yá wa ní iná ni ó tún fi ọ̀nà hàn wá. Ní 2007, nígbà tí adágún Volta tún lọ sílẹ̀, ìjọba ibẹ̀ ra gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, mílíọ̀nù 6, wọ́n sì pín wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi rọ́pò àwọn ti àtijọ́. Ohun tí ó dínkù nínú iná tí orílẹ̀-èdè náà ń lò ní wákàtí tí ìlò pọ̀ jù lálẹ́ tó mẹ́gáwáàtì 124. Ẹ fi wé Nangbéto tí í ṣe 65. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìsédò Nangbéto méjì, láìsí odò tí a sé, láìsí abúlé tí omi bò.

Faransé, tí ó kọ́ wa ní bí a ṣe ń kọ́ ọ́fíìsì tí ó sì fi ìlànà ìṣàkóso rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ti ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú. Àṣẹ kan tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kínní ọdún 2013, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún náà, sọ pé iná inú àwọn ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kú láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹni ìkẹyìn bá ti kúrò. Ó yẹ kí àwa tí a jogún iná ọ́fíìsì wọn jogún pípa rẹ̀ náà.

Bẹ̀nẹ̀ kò jókòó lásán. Ní 2018, ìjọba wa gbé àṣẹ jáde tí ó fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún gílóòbù àti ẹ̀rọ amúlétutù tí a lè tà ní orílẹ̀-èdè yìí, pẹ̀lú àmì tí yóò máa fi hàn òǹrajà bí wọ́n ṣe ń jẹ iná sí. Ìgbésẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n gílóòbù tí ó dára jù lọ ní ayé, tí ó bá ń tàn fún yàrá òfìfo, òfò ni ó ń ṣe. Tí a bá fi iná LED tí ń jẹ wáàtì 18 rọ́pò gbogbo nẹ́óònù inú ilé tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, òfò náà yóò dín sí ìdajì. Tí a bá pa wọ́n, yóò tán.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Nínú ọ̀rọ̀ tí a sọ yìí, ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa mú lọ. Ti àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa jẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Kútọnù, Àjàṣẹ́ àti Pọ̀bẹ́. Wọ́n lè béèrè ohun kékeré mẹ́ta níbi iṣẹ́ wọn: kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tirẹ̀, kí ẹni tí ó ń ti ilẹ̀kùn jẹ́ ẹni tí ń pa iná, kí a sì lẹ ìwé owó iná oṣooṣù mọ́ ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ yóò ti máa rí i. Èyí ìkẹyìn yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, nítorí pé ó ń mú kí epo tún fi ara rẹ̀ hàn nínú àwo.

Ti èkejì jẹ́ ti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. A kò tíì kọ ìtàn bí iná ṣe dé abúlé wa kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn ìyá àti baba yín àgbà kí wọ́n tó lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ọdún tí òpó iná kọ́kọ́ dé, ẹni tí ó kọ́kọ́ ní gílóòbù ládùúgbò, ohun tí wọ́n ń tàn ṣáájú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ṣe é ní ọdún tí iná kọ̀ tí kò wá. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ gba iná lórí ilẹ̀ òkè yìí mọ ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa náà mọ ẹni tí a gba tiwa lọ́wọ́ rẹ̀: Akosombo, Nangbéto, Nàìjíríà, àti oòrùn Illoulofin. Ní alẹ́ òní, tí ẹ bá kẹ́yìn jáde ní ibi iṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì náà kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn.